Idà Míkáẹ́lì Kì í Kan Sátánì

Kẹ́hìndé na apá rẹ̀ méjèèjì láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Monínúọlá, tó jẹ́ aránṣọ, ń wọn àyà rẹ̀ fún aṣọ Sátánì tí yóò wọ̀ nínú eré ọdún ìjọ. Monínúọlá fúnra rẹ̀ ló di ẹnu téèpù mú lẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe ojú ìyá rẹ̀, ọrùn ọmọkùnrin náà ni ì bá fi téèpù yẹn wọ̀n, ì bá sì fún un dáadáa.

"Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ o, Mà," ni Kẹ́hìndé wí. "Sátánì kì í wọ aṣọ tó fún pinpin."

"Yóò fẹ̀," ni ìyá náà dáhùn. Ó fi eyín di abẹ́rẹ́ kan mú, kò wo ojú rẹ̀.

"Kẹ́ ẹ sì bá mi ran ìwo méjì mọ́ fìlà rẹ̀. Ẹ̀yin kúkú mọ bí àwọn ẹ̀mí yẹn ṣe ń rí ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Monínúọlá sọ téèpù sílẹ̀. "Kí lo wí?"

"Moní!" Ìyá rẹ̀ kò gbé ohùn sókè. "Mú ṣọ́ọ̀kì wá, kí n sàmì síbí."

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, Kẹ́hìndé bọ́ sí ojú títì Adébáyọ̀ ní Adó, ó yíjú padà, ó sì pariwo kí àwọn tó ń tún fóònù ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́ dáadáa: "Ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá Áńgẹ́lì!"

Àwọn yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì bo ẹ̀rín wọn mọ́lẹ̀.

Báyìí ni orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àìsàn gìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú Jùwọ́n, àbúrò Monínúọlá, lọ. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà kò là. Àǹtí Ọmọ́táyọ̀, àbúrò ìyá wọn tó ń ṣe ìjọ Àládùúrà ní Ìgèdè, wá bẹ ìyá wọn pé kó wá sí ilé àdúrà àwọn. Àgùdà paraku ni ìyá wọn. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń rán aṣọ pẹpẹ ìjọ, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ rẹ̀ ń kú lọ tí yóò dúró máa bèèrè irú ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà? Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ké pe Ráfáẹ́lì Mímọ́, áńgẹ́lì tí Ọlọ́run fi ń wo aláìsàn sàn. Ó ké pe áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ Jùwọ́n. Nígbà tó yá, wòlíì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn áńgẹ́lì kan tí ìwé Àgùdà kò mọ̀. Ẹkún ti gba ojú ìyá náà, ó ń pè wọ́n tẹ̀lé wòlíì, ó ń yí nílẹ̀.

Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Ìgèdè ni ilé bàbá rẹ̀, ó sì wá wòran lójú fèrèsé ilé àdúrà náà. Ó yọ fóònù. Ó gé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà kúrò, níbi tí ìyá náà ti ń pe Ráfáẹ́lì. Ibi tó ti ń yí nílẹ̀ nìkan ló fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Àgùdà lórí Wasáàpù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo ẹni tó ń fọ aṣọ pẹpẹ wa. Àńjọ̀nú ló ń pè."

Jùwọ́n yè. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dìde lórí ibùsùn, fídíò ti dé ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, wọ́n sì ti gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ pẹpẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọn kò bi í léèrè nǹkan kan. "Kí ó sinmi díẹ̀," ni wọ́n wí. Ìsinmi! Bí ẹni pé obìnrin náà ló sọ pé ó rẹ òun.

Bí ẹni tó ṣẹni bá gbàgbé, ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé. Monínúọlá kò gbàgbé. Bí ó bá jí láàárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, ó ti rántí.

"Màámi," ló wí nígbà tí Kẹ́hìndé lọ tán, "kí ló dé tí ẹ gbà láti rán aṣọ fún un?"

"Ìjọ ló ní kí n rán an. Wọn kò fún mi ní aṣọ pẹpẹ rán mọ́. Èyí tí wọ́n bá fún mi, màá rán an."

"Aṣọ Sátánì!"

"Mo sì ń rán tìẹ náà. Moní, áńgẹ́lì kan wà tó ń ṣọ́ ẹ láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ. Ọ̀kan wà tó ń ṣọ́ Kẹ́hìndé náà."

"Ti Kẹ́hìndé? Ìyẹn á ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀!"

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Monínúọlá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ọdún àwọn olórí áńgẹ́lì ni wọ́n ń múra sí, èyí tí Àgùdà máa ń ṣe ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń fi ogun tí Míkáẹ́lì bá Sátánì jà ṣe eré. Bàbá Babátúndé, katikíìsì ìjọ, ló ń kọ́ wọn. Lọ́dún yìí, ó mú Monínúọlá ṣe Míkáẹ́lì, ó sì mú Kẹ́hìndé ṣe Sátánì.

"Bàbá, obìnrin kẹ̀?" Kẹ́hìndé ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán eré wò nínú gbọ̀ngàn ìjọ. "Míkáẹ́lì wo ló ń di ṣùkú?"

Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọkùnrin ni Míkáẹ́lì?" ni katikíìsì dá a lóhùn. "Áńgẹ́lì kò ní ara. Kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Ẹ̀mí ni. Ìyẹ́ tí ẹ ń rí lẹ́yìn ère wọn, àwọn oníṣẹ́ ọnà ló fi síbẹ̀, kí a lè mọ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le ni mò ń wá, mo rí Monínúọlá. Ó tán. Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n wá ẹlòmíràn tó ní àrífín jù ẹ́ lọ fún ipò Sátánì ni?"

Ẹ̀rín yí padà sórí Kẹ́hìndé. Katikíìsì gbé idà jáde. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó wúwo bí ọmọ odó. Monínúọlá gbà á, apá rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni bàbá náà wí. "Ní ìjọ yìí, idà Míkáẹ́lì kì í kan Sátánì. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa nìyẹn. Sátánì á bú u títí ẹnu á fi dùn ún. Míkáẹ́lì kò ní bú u padà. Yóò gbé idà sókè, yóò sọ gbólóhùn kan tó wà nínú Ìwé Júúdà: 'Olúwa ni yóò bá ọ wí.' Nígbà náà ni Sátánì yóò fúnra rẹ̀ ṣubú. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń gbé e ṣubú, kì í ṣe igi."

"Tí kò bá ṣubú ńkọ́, Bàbá?" ni Monínúọlá béèrè.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ Míkáẹ́lì. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni 'Ta ni ó dà bí Ọlọ́run?' Ṣé o mọ ohun tí áńgẹ́lì máa ń dà, tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́?" Ó fi ìka han Kẹ́hìndé. "Ó máa ń da ohun tí ọmọ yìí fẹ́ wọ aṣọ rẹ̀. Áńgẹ́lì ni Sátánì náà tẹ́lẹ̀."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó pe àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Monínúọlá, Kẹ́hìndé ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun gé fídíò yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, bí eré bá ti parí, kí ìjọ tó tú, yóò bọ́ aṣọ Sátánì, yóò sọ òótọ́ fún gbogbo ìjọ, yóò fi fídíò tó pé hàn wọ́n, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ. Fadá ti sọ pé bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ aṣọ pẹpẹ máa padà sọ́wọ́ màmá rẹ, lójú gbogbo ènìyàn."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò fi sọ ọ́, Bàbá?"

"Ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ ni kó tún un ṣe. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ. Kẹ́hìndé, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Kẹ́hìndé ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò sí ìrònúpìwàdà kankan lójú rẹ̀. Ojú ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ni.

Nígbà tí Monínúọlá ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ gbé aṣọ àrán rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó ń tú u wò bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, orin ìyìn tí ó ti pa tì láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń kọ nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Ó yẹ kí èyí tó fún Monínúọlá. Kò tó o. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó sọ ọ́ fún Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé sì pòṣé.

"Ìdọ̀bálẹ̀ lásán? Ẹni tó fi ìyá ẹ ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo Adó! Á dọ̀bálẹ̀, á gbọn iyanrìn àyà rẹ̀ dànù, á lọ jẹ ìrẹsì ọdún. Kó jẹ́ ìyá tèmi ni!"

"Kí lo máa ṣe?"

"Idà ìrókò á wà lọ́wọ́ ẹ. Ọmọ náà á dúró níwájú ẹ. Gbogbo èèyàn á rò pé eré ni. O tún ń bi mí léèrè?"

"Bàbá ní idà kì í kan án."

"Ère Míkáẹ́lì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ ńkọ́? Ṣé orí tìmùtìmù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ni? Kì í ṣe ọrùn Sátánì ló tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ìbínú mímọ́ nìyẹn! Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, kò burú. Ìwọ náà lọ máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń kí ìyá ẹ ní Ìyá Áńgẹ́lì."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Monínúọlá lára bí ẹ̀gún. Ìbínú mímọ́! Ó dùn ún gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkigbà tó bá kọjá níwájú ère náà, ẹsẹ̀ Míkáẹ́lì nìkan ló ń wò. Kò wo ojú ère náà rí, ojú tí kò ní ìbínú kankan.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, gbogbo àwọn òṣèré lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Fadá. Monínúọlá jẹ́wọ́ irọ́ tó pa fún olùkọ́. Ó jẹ́wọ́ ẹja tó jí jẹ nínú ọbẹ̀. Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, ó gbé e mì, ó sì gbé e jáde bí ó ṣe gbé e wọlé.

Ọjọ́ ọdún bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn Mísà, gbogbo ìjọ jáde sí ọgbà, wọ́n jókòó yí pápá ká lórí bẹ́ńṣì. Ìyá Monínúọlá wọ àrán rẹ̀, ó jókòó síwájú. Katikíìsì ti gba fóònù Kẹ́hìndé, ó ti wà lápò aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Fadá. Gbogbo nǹkan ti tò. Ó ku kí Sátánì ṣubú.

Kẹ́hìndé mọ eré ṣe, ká má purọ́. Ó fò wọlé nínú aṣọ dúdú, àwọn ọmọdé ké, wọ́n sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ó bú Míkáẹ́lì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ìwọ ọmọ ọ̀dọ̀! Ta ló rán ẹ? Ta ló jọ mí, ta ló tó mi? Òkè ọ̀run ni màá tẹ́ ìtẹ́ mi sí!"

Monínúọlá dúró gbọin, kò fèsì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kẹ́hìndé súnmọ́ ọn, ó ń yí i ká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó má kọjá etí àwọn méjèèjì.

"O rò pé màá dọ̀bálẹ̀ nítorí mo fẹ́? Nítorí pé Bàbá ń yọ mí lẹ́nu ni. Lẹ́yìn òní, wọ́n á ṣì máa pè é ní Ìyá Áńgẹ́lì. Ṣé kí n yí nílẹ̀ bí i tirẹ̀?"

Ó sì fi ọwọ́ bo orí, ó yí ìdí díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìyá náà ti ṣe nínú fídíò. Àwọn tó jókòó rò pé ara eré ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Monínúọlá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ló já okùn sùúrù Monínúọlá.

Monínúọlá gbé idà sókè. Ó yẹ kí ó sọ gbólóhùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, gbólóhùn kò jáde. Apá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ìrókò náà kalẹ̀ lé Kẹ́hìndé léjìká. Ó dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́.

Kẹ́hìndé ṣubú. Àtẹ́wọ́ bú gbàù! Wọ́n ní eré yìí dára ju ti gbogbo ọdún lọ. Àtẹ́wọ́ yẹn ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà figbe ta, igbe tí kì í ṣe ti Sátánì rárá, igbe ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni ọgbà náà dákẹ́.

Ìyá Ìbejì, ìyá Kẹ́hìndé, tó ń ta ẹja ní Fájuyì, ti dé orí pápá kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ó wo èjìká ọmọ rẹ̀, ó rí i pé eegun ti ṣẹ́. Ó gbé ojú sókè.

"Ó pa á! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é!"

"Mi ò rán an níṣẹ́ o!" Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ pariwo bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tó bi í léèrè. Kò sí ẹni tó tún rí i títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Ohùn obìnrin kan wá dún láti orí bẹ́ńṣì: "Ẹ ò rí i? Àńjọ̀nú ìyá rẹ̀ ló gùn ún." Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Mo ti sọ ọ́. Ohun tí ìyá ń pè ló ń dá ọmọ lóhùn." Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì bí iná pápá.

"Ẹ dákẹ́!" ni katikíìsì kígbe. "Ọ̀rọ̀ wà tí ẹ kò tíì gbọ́! Fídíò yẹn..."

"Ẹ pa ẹnu mọ́, Bàbá!" Ìyá Ìbejì já fóònù ọmọ rẹ̀ gbà lápò bàbá náà. "Ẹ̀yin lẹ gbé igi lé e lọ́wọ́! Ẹ tún fẹ́ rojọ́ fún un?"

Nígbà tí wọ́n ń gbé Kẹ́hìndé kọjá, omijé bo ojú rẹ̀. Ó wo Monínúọlá. "Mo fẹ́ sọ ọ́," ló wí. "Ní báyìí, ó di ọ̀run."

Fadá fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá Monínúọlá mú un lọ́wọ́ lọ sí ulé Ìyá Ìbejì lẹ́yìn Fájuyì. Kẹ́hìndé jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àwọn aládùúgbò ti kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí Monínúọlá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí wọ́n dójú tì, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó tún rán aṣọ fún ẹni tó dójú tì í, òun ló kúnlẹ̀ síwájú ìyá ẹni náà, tó ń sọ pé, "Ẹ ṣàánú mi. Ẹ má fi ọlọ́pàá mú ọmọ mi."

Ìyá Ìbejì jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Monínúọlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Kẹ́hìndé, má bínú," ló wí. "Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti nà ẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi fídíò tó pé hàn wọ́n."

"Mo ti pa á rẹ́," ni Kẹ́hìndé dáhùn. Ó kọjú sí ògiri. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí wọ́n má bínú.

"Ẹ dìde," ni Ìyá Ìbejì wí níkẹyìn. "Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n rí ọmọ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi mọ́."

Wọ́n rìn débi tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn mọ́ kí Monínúọlá tó sọ̀rọ̀. "Màámi, kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn? Ọmọ rẹ̀ ló jẹ̀bi!"

Ìyá rẹ̀ dúró.

"Èmi kọ́ ni mo kúnlẹ̀. Ìwọ lo kúnlẹ̀. Orúnkún mi lo fi kúnlẹ̀."

"Ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ yẹn!"

"Mo mọ̀. Bàbá Babátúndé rí i, ó sì sọ fún mi. Bí ó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé kò ní bọ́ aṣọ yẹn lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé kò ní sọ òótọ́? Ìṣẹ́jú mélòó ló kù, Moní?"

Ẹkún tí Monínúọlá ti ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló wá tú jáde lójú ọ̀nà.

Wọ́n fún obìnrin mìíràn ní kọ́kọ́rọ́ aṣọ pẹpẹ. Katikíìsì ṣì ń sọ òótọ́ náà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àwọn tó fẹ́ gbọ́ kò sì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: Kẹ́hìndé jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi kí wọ́n tó nà án, ó sì ṣì jẹ̀bi lẹ́yìn tí wọ́n nà án. Ìbínú Monínúọlá kò burú, nítorí ọmọ tí kò bínú nígbà tí wọ́n bá ń fi ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kì í ṣe ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló burú. Ẹjọ́ tó ti jàre rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀bi, ó sì gbé ẹ̀bi náà lé ìyá rẹ̀ lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ bínú. Ẹ wí i síta. Ẹ bá àgbà sọ ọ́, kí ẹ sì dúró ti òótọ́ yín títí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹ̀san fúnra yín. Ẹni tó bá fi igi gba ẹ̀san ara rẹ̀ kì í rí ẹlẹ́rìí mọ́.